Ibi Tí Ọjọ́ Orí Ìfẹ̀yìntì Ti Wá

Wọ́n máa ń sọ pé Bismarck, olórí ìjọba Jámánì, ló yan ọdún 65 fún ìfẹ̀yìntì nítorí pé iye ọdún tirẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹni ọdún 74 ni nígbà tí òfin owó ìfẹ̀yìntì Jámánì jáde lọ́dún 1889, àádọ́rin ọdún gan-an ni òfin sì sọ. Ọdún 1916, tí Bismarck ti kú tipẹ́, ni wọ́n tó dín in kù sí 65.

Kí òfin yìí tó dé, ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́ ló ń sinmi, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò ya kúrò lóko lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àgbà kò ní oko tó lè máa ro díẹ̀díẹ̀ mọ́. Àwọn sósíálíìsì, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òṣìṣẹ́, ń gbèrú láàárín òṣìṣẹ́, Bismarck sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa wojú ìjọba dípò ti àwọn sósíálíìsì. Ni wọ́n bá ṣètò pé kí òṣìṣẹ́ dá owó, kí ọ̀gá rẹ̀ dá tirẹ̀, kí ìjọba fi kún un. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé owó náà di ẹ̀tọ́, kì í ṣe sàárà.

Àmọ́ òṣìṣẹ́ mélòó ló ń pé àádọ́rin ọdún nígbà náà? Nígbà tí Faransé fi 65 sínú òfin tirẹ̀ lọ́dún 1910, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ CGT pè é ní owó ìfẹ̀yìntì fún òkú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Àpò ìjọba ni àwọn aṣòfin wò kí wọ́n tó mú iye ọdún, wọn ò wo eegun ẹ̀yìn òṣìṣẹ́. Amẹ́ríkà náà ṣírò owó kó tó mú 65 lọ́dún 1935.

Ìjà ni àwọn ará Faransé fi gba 60 lọ́dún 1982, ìdí nìyẹn tí èrò tó lé ní mílíọ̀nù kan fi tú sígboro nígbà tí ìjọba, tó ti sọ ọ́ di 62 tẹ́lẹ̀, fẹ́ sọ ọ́ di 64 lọ́dún 2023. Ní Japan, ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń dá ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, 55 ló sì wọ́pọ̀, torí pé bí ọdún ẹni ṣe ń pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni owó oṣù tí ilé iṣẹ́ ń san fún un ń ga. Òfin wá sọ ọ́ di ó kéré tán 60 lọ́dún 1998. Lónìí, ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ ń padà sẹ́nu iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n owó tó kéré ni wọ́n ń gbà.

Dẹ́ńmáàkì fọwọ́ sí i lọ́dún 2025 pé ọjọ́ orí náà yóò di 70 ní 2040. Síbẹ̀, wọ́n ní ètò kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé wò dáadáa: ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti kékeré lè fi ọdún kan sí mẹ́ta ṣáájú àwọn yòókù fẹ̀yìn tì.