Nígbà tí ojú ìwé ọmọ bá kọ̀ tí kò yí mẹ́tọ́ọ̀dù òbí padà

Ká ní wọ́n ń fi ASP.NET Web Forms, irinṣẹ́ Microsoft fún kíkọ sáìtì, kọ sáìtì fún àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ojú ìwé ló gbọ́dọ̀ ní àkọlé, èyí tí wọ́n ti ń yí owó ẹja padà sì gbọ́dọ̀ béèrè páásìwọ́ọ̀dù. Wọ́n kó iṣẹ́ méjèèjì sínú kíláàsì òbí kan, OjuIweOja, tí òun náà jogún Page, kíláàsì tí Web Forms ti ṣe sílẹ̀ fún ojú ìwé. Àwọn ojú ìwé yòókù wá jogún OjuIweOja.

Ojú ìwé kan kọ mẹ́tọ́ọ̀dù (àkójọ àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ kan) Akole tirẹ̀, kí "Ẹja Òní" lè hàn lókè. Àkọlé òbí ló ṣì ń jáde, kò sì sí àṣìṣe kankan. Nínú C#, èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́, òbí ní láti kọ virtual (ọmọ lè yí i padà) síwájú mẹ́tọ́ọ̀dù náà, kí ọmọ sì kọ override (mo yí i padà) síwájú tirẹ̀. Bí ọmọ bá gbàgbé override, mẹ́tọ́ọ̀dù méjì tó kàn jọ ń jẹ́ orúkọ kan ló wà níbẹ̀, òbí yóò sì máa pe tirẹ̀ lọ. Compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò, ń sọ ọ́ o: ìkìlọ̀ CS0114 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í dá iṣẹ́ dúró, ta ló ń kà á? Ó tiẹ̀ sàn kí ó jẹ́ òbí ni kò kọ virtual tí ọmọ sì kọ override, torí àṣìṣe CS0506 ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ lọ rárá.

Èyí tó léwu jù ni OnLoad, mẹ́tọ́ọ̀dù tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ojú ìwé bá ń ṣí. Ojú ìwé owó ẹja kọ protected override void OnLoad(EventArgs e), ó kó owó ẹja jọ, ó parí síbẹ̀. Lójijì, mẹ́tọ́ọ̀dù Page_Load inú fáìlì kan náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. OnLoad ti Page ló ń kéde Load, ìkéde yẹn sì ni Page_Load ń dúró dè. Láìsí base.OnLoad(e), tó ń pe OnLoad ti òbí, kò sẹ́ni tó máa kéde. Bó bá sì jẹ́ inú OnLoad òbí ni wọ́n ti ń béèrè páásìwọ́ọ̀dù, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè wọlé wá sọ owó ẹja àrọ̀ di ohun tó bá wù ú.

Kí wọ́n fi breakpoint, àmì tó ń dá ètò dúró bó bá dé ibẹ̀, sínú OnLoad òbí àti ti ọmọ. Èyí tí ètò kò bá dúró níbẹ̀, kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nínú OnLoad ọmọ, base.OnLoad(e) ni kó jẹ́ ìlà àkọ́kọ́, kí àyẹ̀wò páásìwọ́ọ̀dù lè ṣáájú ohunkóhun. Òbí tí kò bá fọkàn tán àwọn ọmọ rẹ̀ lè kọ sealed override (ọmọ kò lè yí i padà mọ́) sí OnLoad: Page_Load wọn á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá tún fọwọ́ kan OnLoad yóò bá àṣìṣe CS0239 pàdé.