Bí Àyẹ̀wò Ìlera Ṣe Ń Lọ Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ìbàdàn kò ṣàìní akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn láti ọdún 1965, ilé ẹ̀kọ́ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà, òmíràn wà ní Eléyẹlé. Ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè déédéé gbé ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru lọ́wọ́ kó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi pé òun fẹ́ ṣàánú, kí òun yẹ ìlera àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń kọ̀wé gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà tó ń mójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀. Orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ á wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ nọ́ọ̀sì tó ti gbàwé àṣẹ iṣẹ́ tí yóò dúró tì wọ́n, torí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ní tirẹ̀. Fóònù á kù sí ẹnu géètì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n kà wọlé ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà jáde. Bí ẹyọ kan bá dín, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé.

Wọn kì í wá gbogbo àìsàn. Èyí tó ṣeé rí kíá, tó sì lóògùn, ni wọ́n ń wá: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà, ikọ́ ife, kòkòrò HIV, kúrúnà.

Ikọ́ ife ló le jù, nítorí èrò pọ̀ nínú yàrá tí atẹ́gùn ò ráyè wọ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹ ń wúkọ́? Ṣé ibà ń ṣe yín? Ṣé ẹ ń làágùn lóru? Ṣé ẹ ti rù? Ti òógùn yẹn gba làákàyè, torí kò sẹ́ni tí kì í làágùn nínú ooru yàrá bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n á béèrè bóyá aṣọ ẹlẹ́wọ̀n náà ń rin gbingbin nígbà tí ara àwọn yòókù gbẹ. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá mú ìfura wá á lọ ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike ní gbangba ìta, kì í ṣe nínú yàrá ìtọ́jú. GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, á sọ èsì láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì tí wọ́n bá ti gbé e sí i.

Ẹ̀jẹ̀ ríru dà bí èyí tó rọrùn, àmọ́ òun ló ń tanni jù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo orúkọ rẹ̀ jáde, tó rò pé ìròyìn kóòtù ló dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè ṣàì ga. Ó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kó gbé apá lé tábìlì, kó má sọ̀rọ̀. Bó bá ṣì jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó pè é ní àìsàn. Bákan náà ni ti súgà: 126 mg/dL kí ènìyàn tó fẹnu kan nǹkan láàárọ̀ ń béèrè àyẹ̀wò mìíràn; 126 lẹ́yìn ẹ̀bà kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ní ti kúrúnà, ẹni tó bá tọ́jú ẹnì kan tó fi àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà sílẹ̀ kò ì ṣe nǹkan kan.

Wọ́dà lè to àwọn ẹlẹ́wọ̀n sórí ìlà kí gbogbo wọn sì na apá, ìyẹn ò sọ pé wọ́n gbà. Ìlànà Nelson Mandela tí àjọ UN fọwọ́ sí lọ́dún 2015 sọ pé ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ rí bíi ti ará ìta, àti pé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wà ní bòókẹ́lẹ́. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ á rọra sọ fún ẹlẹ́wọ̀n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè ní ẹ ò ṣe o, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí." Wọ́dà lè dúró níbi tí ojú rẹ̀ ti tó wọn, kì í ṣe ibi tí etí rẹ̀ ti tó wọn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà ń bàjẹ́ ni ẹ̀yìn àyẹ̀wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni ẹjọ́ wọn ò tíì parí. Wọ́n á gbé ọkùnrin kan lọ sí kóòtù láàárọ̀, adájọ́ á ní kó máa lọ, ó di ilé rẹ̀ ní Mọ́níyà; èsì kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Oògùn ikọ́ ife sì rèé, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà ń lò ó, ọ̀fẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ àdúgbò tí olúwarẹ̀ ń gbé àti nọ́ńbà ìbátan rẹ̀ kan sílẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò gan-an, kí nọ́ọ̀sì ọgbà ẹ̀wọ̀n lè fi í lé ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹni tó ṣì wà nínú ọgbà kò lè dá lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn àyà ní Jẹ́ríkò. Ọkọ̀ ni, wọ́dà ni, àwọn méjèèjì kì í sì í tó. Orúkọ rẹpẹtẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ kàn kọ jọ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí wọ́n tò ó bó ṣe le sí: ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 180/120 tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ jáde, ẹni tó jẹ́ 145/92 tí nǹkan kan ò ṣe, nọ́ọ̀sì inú ọgbà lè tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.