Ohun Tí Ọta Kékeré Ń Ṣe Nínú Ara Àgbọ̀nrín

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ò ṣàjèjì l'Ọ̀ṣogbo. Ìtàn sọ pé ọdẹ ni Tìmẹ́hìn tó bá Láròóyè tẹ ìlú náà dó. Títí dòní, ẹni tó bá jókòó ti àwọn ọdẹ á gbọ́ pé bí ọwọ́ bá ti dúró, ìbọn kékeré tó àgbọ̀nrín pa. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń fi ẹran ṣòfò nínú igbó. Ọwọ́ tó dúró wúlò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọta máa bà nìkan ni agbára ọwọ́ mọ. Tí ọta bá ti wọlé, òun nìkan ló ṣẹ́ kù tó máa ṣe iṣẹ́ náà.

Àfi tí ọta bá bá ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ń pa ẹran. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń wojú ẹ̀yìn apá, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Àgbọ̀nrín tí ọta ti fọ́ ọkàn rẹ̀ pàápàá ṣì lè sáré fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, torí afẹ́fẹ́ tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ rẹ̀. Eré yẹn lè gbé e kọjá 50 mítà. Ọdẹ tó bá rò pé òun tàsé torí pé ẹran sá, tó sì yíjú sílé, ẹran tó ti kú ló fi sílẹ̀ fún eèrà.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú fún aró á tètè lóye ìyókù. Ìkòkò méjì ni àwọn aláró ń tò léra. Tòkè ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí, eérú ló kún inú rẹ̀. Wọ́n á bu omi sí i, omi á wá máa kán tó, tó, tó sínú tìsàlẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó pẹ́ ni. Bí ọmọdé bá kọlu ìkòkò òkè yẹn tó fọ́, omi á ti dà tán kí ìyá rẹ̀ tó yíjú. Omi kan náà ni, ihò ló yàtọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, eérú a máa dí ihò wẹ́wẹ́ náà, omi á sì dá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rá àti irun ń dí ojú ọgbẹ́ tí ọta kékeré dá: ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú díẹ̀díẹ̀, kò sì ní sí ẹ̀kán kan lórí ewé tí ọdẹ máa fi tọpa. Ọta tó lágbára máa ń gba ìhà kan wọlé, á gba ìkejì jáde, ẹ̀jẹ̀ á sì rí ojú méjì dà.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí wọ́n máa fi ẹnu ìbọn, ìyẹn bí ọta ṣe fẹ̀ tó, wọn agbára; fífẹ̀ yẹn, ní ìdá ínṣì, ni wọ́n fi ń sọ ọta lórúkọ. Ọta .22 tí wọ́n fi ń pa ehoro àti ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ̀ tó mílímítà 5.6; .223, ọta ráífù tó lágbára jù ú lọ, fẹ̀ tó 5.7. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ fífẹ̀ wọn. Síbẹ̀ agbára .22 kì í sábà tó joule 200 (joule ni wọ́n fi ń wọn agbára), ti .223 sì ń sún mọ́ 1,700. Eré ọta ló fà á: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin.

Òfin ilẹ̀ England ti 1991 wo ibi tó yẹ. Ráífù tí wọ́n máa fi pa àgbọ̀nrín ńlá kò gbọdọ̀ kéré sí .240 ínṣì, agbára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní nǹkan bí joule 2,300. (Akọ àgbọ̀nrín tiwọn ń ju ìwo sílẹ̀ lọ́dọọdún, tiwa kì í jù ú, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ẹ̀dọ̀fóró wọn wà.) Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, ti 1959, òkè ló pààlà sí: ó ka ráífù ológun 7.62 mm àti .303 mọ́ ìbọn tí ará ìlú ò gbọdọ̀ ní. Nítorí èèyàn ni wọ́n ṣe ṣe é, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ro ti ẹran mọ́ ọn. Ní ti ẹran, ṣakabùlà sàn ju .22 lọ. Ọdẹ ṣakabùlà mọ̀ pé àfi kí òun sún mọ́ ẹran pẹ́kípẹ́kí; .22 máa ń tan ọdẹ pé òun lè dúró lókèèrè.

Bí ọta bá yà síwájú díẹ̀, egungun apá ló máa bà. Ọta ńlá á fọ́ ọ, á sì dé ẹ̀dọ̀fóró. Ti .22 lè há síbẹ̀. Àgbọ̀nrín á fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sá lọ, ìdin á sì bo ojú ọgbẹ́ kó tó kú. Bó bá yà sẹ́yìn, kò sí ọta tó dáa níbẹ̀. Kí ọdẹ lè mọ ibi tí ọta bà, ilẹ̀ ló máa wò. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n tó sì ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹran ò jìnnà. Èyí tó dúdú, ẹ̀dọ̀ ni. Omi aláwọ̀ ewé tó ń rùn, ìfun ni: bí wọ́n bá lé ẹran yẹn lójú ẹsẹ̀, á tún sá jìnnà sí i, nítorí náà ọdẹ ní láti dúró bíi wákàtí mẹ́fà. Nínú ooru tiwa, ẹran náà á ti máa bàjẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.