Àwòrán àjọyà ní ìlànà Keith Haring

Àwòrán àjọyà ni àwòrán kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọmọdé pawọ́ pọ̀ yà sórí bébà gígùn tàbí ògiri. Ìlànà kan tó rọ àwọn ọmọ lọ́rùn ni ti Keith Haring, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà (1958–1990). Ìlà dúdú tó nípọn ló fi máa ń ya ènìyàn, láìsí ojú, imú tàbí ẹnu. Àwọn ìlà kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá àti ẹsẹ̀ ló ń fi hàn pé ẹni náà ń jó tàbí ń sáré. Ní 1989, ní ìlú Chicago, òun àti nǹkan bí 500 akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán kan tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 488. Òun fa ìlà dúdú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kun inú rẹ̀.

Irú ìpín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Èkìtì. Láàárín àwọn agbẹ́gilére, ọ̀gá ló ń ṣe ọnà lílé, ìyẹn gígé àkọ́kọ́ tó ń fún igi ní ìrísí. Ọmọ-iṣẹ́ a máa bá a dé ibi dídán. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll bójú tó láti 1947, ni agbẹ́gilére Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, Bándélé.

Èlò

Bí ọmọ bá jẹ́ 24, kí a pín wọn sí ọ̀nà 4. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò kádíbọ́ọ̀dù 4 tí a fi sítáàṣì lẹ̀ pọ̀ láti ẹ̀yìn, kí etí wọn gun ara wọn ní ìwọ̀n ìka 2. Bébà inú àpò sìmẹ́ǹtì náà dára, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni kó gbọn eruku rẹ̀ dànù níta, kì í ṣe ọmọdé.

Ọ̀dà ògiri olómi ìwọ̀n 3 sí omi ìwọ̀n 1 ló yẹ. Kí ó ki bí ẹ̀kọ mímu. Dúdú ló ń yọni lẹ́nu jù. Bí a bá da èédú lílọ̀ sínú ọ̀dà funfun, àwọ̀ eérú ni yóò jáde. Kí a jọ̀ èédú náà kúnná, kí a sì pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í fi àwọ̀ funfun sílẹ̀ bó bá gbẹ.

Yíyà

Ọmọ kan a dúró bí ẹni ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 2, ẹlòmíràn a fi èédú ya egungun rẹ̀ lásán: ìlà kan fún ẹ̀yìn, ìlà kọ̀ọ̀kan fún apá àti ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fa ìlà yí egungun náà ká, ní ìwọ̀n ìka 2 sí i, títí ìlà yóò fi padé. Àkísà gbígbẹ a nu egungun kúrò. Kí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, nítorí kékeré ni ọmọdé sábà máa ń ya nǹkan.

Gígún iyán ni àpẹẹrẹ tó bá Èkìtì mu jù. Ọmọ méjì dojú kọra, odó kan wà láàárín, ọmọ odó kan wà lókè, èkejì wà nínú odó. Ìlà kéékèèké 3 lókè èyí tó ń bọ̀ wálẹ̀ ti tó. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ibi tí ẹnu odó yóò wà kí èédú tó kan bébà. Ọmọ 6 tó ń ya nǹkan 6 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí bébà kan kò tíì jọ yà á.

Ọjọ́ kejì ni kíkùn. Àwọ̀ 3 péré ni kí ẹgbẹ́ kan lò, kí ẹni méjì tó fara kanra má sì ní àwọ̀ kan náà. Bí ọ̀dà bá gbẹ, kí ọmọ kan ṣoṣo, tàbí méjì tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì kan náà, tún fa gbogbo ìlà dúdú, kí ó nípọn bákan náà láti etí dé etí. Ìlà yìí ló ń sọ ọwọ́ 6 di iṣẹ́ kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ọ̀dà tó ṣàn jù máa ń kọjá ìlà, ó sì ń mú kí bébà ká. Ìlà dúdú tí a fà kí ọ̀dà tó gbẹ yóò dàrú mọ́ ọn. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà tètè ń gbẹ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbé bébà, nítorí náà kí a fi òkúta tẹ igun rẹ̀. Nígbà òjò, kí a jẹ́ kó sùn títí di ọjọ́ kejì. Kí a má ká a sínú àpótí: aáyán fẹ́ràn sítáàṣì.