Kí Ló Dé Tí Ohùn Háàpù Fi Ń Dàrú Lẹ́yìn Ìrìn-àjò?

Ìbéèrè: Mo tún ohùn háàpù mi (ohun èlò orin olókùn púpọ̀) ṣe dáadáa kí n tó kúrò nílé, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Kí ló dé tí ohùn rẹ̀ ti dàrú nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn?

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ló fà á ju ìrìn náà lọ. Bí a tilẹ̀ gé igi, tí a sá a gbẹ, tí a sì kùn ún, kò ní yéé fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, kò sì ní yéé tú u jáde. Bí ó bá mu ún, á wú. Bí ó bá tú u jáde, á súnkì. Ìbú igi ni èyí sì ń hàn sí jù, nítorí pé òòró rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá.

Ara pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí a sábà ń fi igi spruce ṣe, ni gbogbo okùn háàpù so mọ́. Háàpù ńlá tó ní pẹ́dàlì méje (ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀) máa ń ní okùn 47, agbára tí gbogbo wọn fi ń fa pátákó náà sì ju ìwúwo ènìyàn mẹ́wàá lọ. Nígbà tí pátákó bá wú, tó sì gbéra díẹ̀ sókè, okùn á dẹ̀, ohùn á sì lọ sílẹ̀. Okùn tí a fi ìfun ẹran ṣe tún ń mu ọ̀rinrin fúnra rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ooru àti òtútù ló ń yọ àwọn okùn onírin ìsàlẹ̀ lẹ́nu. Ìdí nìyí tí gbogbo wọn kì í fi í yẹ̀ bákan náà.

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá tún un ṣe ní kété tí mo bá dé?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ jẹ́ kó sinmi nínú àpò rẹ̀ ná, pàápàá bí ó bá ti inú òtútù bọ́ sínú yàrá tó móoru, nítorí pé omi lè sẹ̀ sára igi tútù. Èmi máa ń ki ọwọ́ sínú àpò, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọrùn háàpù. Bí ó bá ṣì tutù ju ọwọ́ mi lọ, n óò tún dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tún ohùn rẹ̀ ṣe, kí ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ sì tún padà yẹ gbogbo okùn wò.

Ìbéèrè: Kí ló ń mú kí igi náà sán?

Ìdáhùn: Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin sí yàrá. Ìwọ̀n tó wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára fún un. Ẹ má gbé e síwájú ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, torí pé àtè tó so ó pọ̀ lè rọ̀.

Pátákó tó yọ ikùn díẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìlà tó sán, ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya á ní fọ́tò. Bí ó bá ti gùn sí i lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ tètè gbé e lọ bá ẹni tó ń tún háàpù ṣe.