Òfin líìgì T20 fáwọn tí ò fi kíríkẹ́ẹ̀tì jẹun

Líìgì T20 tá à ń sọ yìí ni ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì oní-ófà 20 táwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àtàwọn ọmọ yunifásítì máa ń gbá lópin ọ̀sẹ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn, àwọn fúnra wọn ló tún máa ń dáwó pápá àti bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù 6 tẹ́nì kan jù tẹ̀léra ló ń jẹ́ ófà kan, torí náà bọ́ọ̀lù 120 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti fi kó rọ́ọ̀nù, ìyẹn àmì ayò kíríkẹ́ẹ̀tì, jọ, bí wáìdì àti no-ball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí ò bófin mu, ò bá sí níbẹ̀. Òfin MCC, ẹgbẹ́ tó fi Lord's ní London ṣelé, ló wà nídìí gbogbo ẹ̀. Ọdún 1788 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ tiwọn jáde, èyí tó wà lóde báyìí sì jẹ́ ti 2017 tí wọ́n ti ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀. Òfin yẹn ni ICC tó ń ṣàkóso kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé gbé ti T20 ka, líìgì àdúgbò á wá gba tọ́wọ́ ICC, á yọ ibi tápá ẹ̀ ò ká, á fi tiẹ̀ kún un. Téèyàn bá wo ohun tí wọ́n yọ àtohun tí wọ́n fi kún un, nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sówó áńpáyà, ìyẹn rẹfirí kíríkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí kámẹ́rà.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn tó ń gbowó ló dá T20 sílẹ̀, torí June 13, 2003 ni ECB, àjọ tó ń ṣàkóso kíríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Twenty20 Cup ní England, Stuart Robertson tó ń mójú tó ìpolówó ọjà fún wọn ló sì gbé àbá ẹ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ lorúkọ ti gbajúmọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní England ti ń gbá ófà 20 nírọ̀lẹ́ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn tóòrùn kì í tètè wọ̀, èèyàn á kúrò níbi iṣẹ́ á gba pápá lọ, wọn á sì parí kílẹ̀ tó ṣú. Àwọn líìgì míì máa ń ju ófà 15 tí bọ́ọ̀lù 8 wà nínú ẹ̀, 120 náà ló ṣì jẹ́, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọn ò ní máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ pápá lemọ́lemọ́, ìyẹn sì ń dín àkókò kù. Ọ̀gá ló kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọọṣẹ́ níbí yìí.

Ní Nàìjíríà, kíríkẹ́ẹ̀tì ti wà látayé òyìnbó amúnisìn, lọ́dún 1904 ni ẹgbẹ́ Èkó ti kojú ẹgbẹ́ Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, l'Ékòó, àwọn ilé ìwé bíi King's College l'Ékòó àti Government College Ìbàdàn sì wà lára ibi tí eré náà ti fìdí múlẹ̀. Ọdún 2002 ni Nàìjíríà wọ ICC. Láti January 1, 2019 ni ICC ti ń ka ìfigagbága T20 ọkùnrin láàárín orílẹ̀-èdè méjì èyíkéyìí tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ sí ti àgbáyé, ìdí nìyẹn tí òfin T20 fi di ohun táwọn tó ń gbá a ní Nàìjíríà mọ̀ ju ti eré ọlọ́jọ́ márùn-ún lọ.

Èèyàn àti irinṣẹ́

Èèyàn 11 ló wà nínú ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ṣe balógun ẹgbẹ́ rí mọ̀ pé èèyàn 11 kì í pé lọ́jọ́ Sátidé bọ̀rọ̀, líìgì á wá sọ iye tó kéré jù tí ẹgbẹ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tí wọ́n lè fi dúró de àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó gba eré náà lọ́wọ́ wọn. Orúkọ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti wà lákọsílẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ kí òfin sọ pé ẹni tí ò tíì gbá iye eré kan fún ẹgbẹ́ ò lè gbá sẹmi tàbí fáínà, kí wọ́n má bàa lọ háyà ọ̀jáfáfá kan wá lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ojú ilẹ̀ tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù lé jẹ́ yáàdì 22, ìyẹn mítà 20.12 láti wíkẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí alábáàtì ń dáàbò bò, sí èkejì. Igi mẹ́ta wíkẹ́ẹ̀tì ga tó ínṣì 28, ó fẹ̀ tó ínṣì 9. Báàtì tí alábáàtì fi ń gbá bọ́ọ̀lù ò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju mílímítà 108 lọ, látìgbà òfin 2017 sì ni etí ẹ̀ ò ti gbọ́dọ̀ nípọn ju 40 lọ, torí báàtì ti ń di pákó ilé. Bọ́ọ̀lù aláwọ máa ń wúwo tó gíráàmù 156 sí 163, ó le bí òkúta, torí náà akoto, ìbọ̀wọ́, páàdì ẹsẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń bo abẹ́ ò ṣeé yọ sílẹ̀, ECB sì ti sọ fáwọn ẹgbẹ́ England pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ dé akoto tó bá fẹ́ kojú irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Líìgì tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ máa ń lo bọ́ọ̀lù tẹníìsì. Ní Karachi ní Pakistan ni wọ́n ti sọ ọ́ di àṣà láti fi téèpù oníná wé bọ́ọ̀lù tẹníìsì kó lè yá, ìdí bọ́ọ̀lù onítéèpù sì ni Haris Rauf wà kó tó dẹni tó ń gbá fún Pakistan. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni, òfin LBW, tó ní kí wọ́n lé alábáàtì jáde tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá dí bọ́ọ̀lù tí ì bá wó wíkẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò.

Bí eré ṣe ń lọ

Balógun méjèèjì á sọ kọ́ìnì, ẹni tó bá borí á yàn bóyá wọ́n fẹ́ gbá tàbí wọ́n fẹ́ jù. Ajubọ́ọ̀lù kan ò gbọ́dọ̀ jù ju ófà 4 lọ, èyí já sí pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ajubọ́ọ̀lù 5, kò sì sí bí ọ̀gbójú kan ṣe lè dá eré jù fún gbogbo wọn. Ófà 6 àkọ́kọ́ ni powerplay, èèyàn 2 péré ló lè dúró sẹ́yìn òbìrípo yáàdì 30, lẹ́yìn ìyẹn èèyàn 5 lè lọ sẹ́yìn. Pápá àdúgbò tí ò sẹ́ni tó lẹ́fun láti kùn ún máa ń to kóònù tàbí àwo pẹlẹbẹ yí i ká, wọ́n á sì jiyàn lórí ẹ̀, torí kóònù máa ń rìn nígbà míì.

Bọ́ọ̀lù tó bá jìnnà sí alábáàtì débi tí ò fi lè gbá a ni wáìdì, rọ́ọ̀nù 1 ni, wọ́n á sì tún un jù. T20 le lórí wáìdì apá ẹsẹ̀ gan-an, èyí tó bá kọjá lẹ́yìn alábáàtì báyìí, áńpáyà á na ọwọ́ méjèèjì. Tí ajubọ́ọ̀lù bá fẹsẹ̀ kọjá ìlà tàbí tó ju bọ́ọ̀lù lókè ìbàdí láìkanlẹ̀, no-ball ni, ìyẹn náà rọ́ọ̀nù 1, èyí tó tẹ̀ lé e á sì di free hit: alábáàtì lè na án bó ṣe wù ú, wọn ò lè yọ ọ́ torí pé bọ́ọ̀lù wó wíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tàbí torí pé wọ́n fọwọ́ gba bọ́ọ̀lù tó gbá, ohun tó ṣeé ṣe kó lé e jáde ò ju kí wọ́n yọ ọ́ níbi tó ti ń sáré, kó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ dí wọn lọ́wọ́.

Àtúnṣe kan wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ títí dòní. Láti October 2022, tí wọ́n bá fọwọ́ gba bọ́ọ̀lù alábáàtì lófuurufú, ẹni tuntun tó ń wọlé ló máa dúró gba bọ́ọ̀lù tó kàn, àfi tí ófà bá ti parí, kódà bí àwọn méjì tó wà lórí pápá ti sáré kọjá ara wọn. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti kọjá ara wọn, ìkejì ló máa gbá a. Àwọn àgbà inú líìgì ò tíì gbàgbé tàtijọ́ yẹn, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń ṣẹ́wọ́ sọ́mọdé pé kó máa lọ sápá kejì.

Aago náà ní òfin tiẹ̀. Ní T20 àgbáyé, ìṣẹ́jú 85 ni wọ́n fún ẹgbẹ́ láti ju ófà 20, látọdún 2022 sì ni ẹni tó bá pẹ́ ti ń pàdánù èèyàn kan lẹ́yìn òbìrípo fún ófà tó kù. Líìgì àdúgbò lè fi rọ́ọ̀nù jẹ wọ́n níyà, tàbí kó yọ ófà kúrò nínú tiwọn nígbà tó bá kàn wọ́n láti gbá. Alábáàtì tuntun náà gbọ́dọ̀ tètè wọlé, òfin MCC fún un ní ìṣẹ́jú 3, T20 fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 90. Ní November 2023 ní Delhi, nínú eré ófà 50 tó jẹ́ ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n fún wọn, Angelo Mathews ti Sri Lanka ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ torí pé ó pẹ́ báyìí nínú kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, okùn akoto ẹ̀ ló já. Ní líìgì àdúgbò tẹ́ni méjì ti jọ ń lo páàdì kan, bí wọ́n bá tẹ̀ lé òfin yìí délẹ̀délẹ̀, wọn ò ní gbá eré kankan parí, ọ̀pọ̀ ló ń gbójú fò ó.

Ta ló máa ṣe áńpáyà?

Ibí yìí ni líìgì àwọn tí ò gbowó ti yàtọ̀ jù. Tí wọn ò bá rí áńpáyà gbà, ẹgbẹ́ tó ń gbá ló máa yọ èèyàn méjì sílẹ̀ láàárín ara wọn láti dúró gẹ́gẹ́ bí áńpáyà, àwọn tó ń retí kó kan àwọn láti gbá tàbí àwọn tí wọ́n ti yọ. Ọ̀bẹ kì í sì mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀, ta ló fẹ́ na ìka sókè, ìyẹn àmì pé wọ́n ti yọ alábáàtì, lé ọ̀rẹ́ tó máa gbé e délé lálẹ́? Òfin líìgì wá ń wá ọgbọ́n dá sí i: àwọn kan á yọ LBW pátápátá, àwọn kan á fi í sílẹ̀ níbi tó bá hàn gbangba nìkan, àwọn kan á sọ pé ẹgbẹ́ kẹta tí ò gbá lọ́jọ́ náà ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda èèyàn méjì, bí wọn ò bá sì wá, wọ́n á yọ póńtì wọn. Ọgbọ́n kẹta yìí ló dáa jù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun náà ló ṣòroó rí ṣe jù, torí ta ló fẹ́ jí lọ́jọ́ ìsinmi lọ wo eré tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ohun míì tó máa ń dìjà ni kí ajubọ́ọ̀lù yíjú padà, kó wó wíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ nígbà tí alábáàtì ibẹ̀ bá ti jáde kúrò nílà kó tó jù ú. Ó ti pẹ́ tó bófin mu, lọ́dún 2022 sì ni MCC gbé e kúrò lábẹ́ òfin ìwà tí ò tọ́ lọ sábẹ́ òfin yíyọni níbi eré sísá. Síbẹ̀ àwọn líìgì kan ṣì fi kún tiwọn pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn tó gé e kúrú sí i

Last Man Stands tó bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 2005 tí wọ́n sì ti ń gbá káàkiri ayé báyìí tún un gé. Èèyàn 8 ló wà nínú ẹgbẹ́, ófà 20 náà ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù 5 ló wà nínú ófà, eré máa ń parí ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Tó bá ku alábáàtì kan ṣoṣo, kò ní jáde, òun nìkan á máa gbá lọ, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Bọ́ọ̀lù kan lè yọ èèyàn méjì. Ẹni tó bá ti kó 50 á lọ jókòó káwọn yòókù náà lè gbá, òfin tó dáa ni fún ẹni tó máa ń gbá ní nọ́ńbà 7 tó sì ti ń san owó ẹgbẹ́ láìfọwọ́ kan báàtì. Tí wọ́n bá na bọ́ọ̀lù ìkẹyìn kọjá ààlà láìkanlẹ̀, rọ́ọ̀nù 12 ni, kì í ṣe 6.

Òjò, táì àti tábìlì

Tójò bá gé eré kúrú, ẹgbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ ti rí ófà 5 gbá ó kéré tán kó tó ní abajáde. Ìṣirò Duckworth-Lewis-Stern ni ICC ń lò, Frank Duckworth àti Tony Lewis ló ṣe é, Steven Stern ló wá ń bójú tó o, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é torí kì í ṣe ìṣirò orí. Líìgì tí ò ní in máa ń pín rọ́ọ̀nù sí ófà lásán, ìyẹn sì máa ń ṣojúure sẹ́gbẹ́ tó gbá kejì, torí ó ṣì dìgbà tí wọ́n bá yọ èèyàn 10 kí wọ́n tó tán, bẹ́ẹ̀ ófà wọn ti dín kù. Bójò bá ti rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kàn dín ófà méjèèjì kù lọ́gbọọgba: bó ṣe rí nìyẹn ní January 2025 ní Kuching ní Malaysia, táwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ò tíì pé ọdún 19 fi ófà 13 kó 65, tí New Zealand sì dúró sí 63.

Tí rọ́ọ̀nù bá dọ́gba, super over ló kàn: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbá ófà kan, tí wọ́n bá yọ èèyàn 2 ó ti parí, ẹgbẹ́ tó gbá kejì tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbá. Nílíìgì, bílẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á pín póńtì lọ́gbọọgba, kí kálukú máa lọ. Póńtì 2 ni ẹni tó bá borí sábà máa ń gbà.

Bí póńtì bá wá dọ́gba lórí tábìlì, net run rate ni wọ́n máa wò, rọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ kó nínú ófà kan, ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kó kúrò nínú ẹ̀. Ibi tó ń dojú rú fáwọn akọ̀wé ni pé ẹgbẹ́ tí wọ́n bá yọ tán, gbogbo ófà 20 ni wọ́n máa kà sí i lọ́rùn, kódà kó jẹ́ pé kò lò tó ìdajì. Ní November 2024, Nàìjíríà kó 271 sórí Côte d'Ivoire, wọ́n sì yọ àwọn yẹn tán ní 7, iye tó kéré jù nínú T20 ọkùnrin láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹ pín 271 sí 20, 13.55, ẹ pín 7 náà sí 20, 0.35, Nàìjíríà gba +13.20 nínú eré ẹyọ kan. Eré tí ẹgbẹ́ kan ò bá wá rárá kì í sábà sí nínú ìṣirò yìí, póńtì nìkan ni wọ́n máa fún ẹni tó wá. Áàpù bíi CricClubs tí wọ́n ń lò dáadáa ní Amẹ́ríkà, CricHeroes ní Íńdíà àti Play-Cricket ti ECB ní England ló ń bá wọn ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́bàá pápá máa tẹ̀ ẹ́ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, òfin líìgì tó bá gbọ́n á sì sọ pé kí ẹgbẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí iye náà lópin gbogbo ófà 5, dípò kí wọ́n dúró dìgbà téré bá parí.