Ewì abẹ́ Ère Òmìnira: ṣé ìlérí ni àbí òfin? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Raphaël Glucksmann, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó wà nílé aṣòfin Yúróòpù, sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n dá Ère Òmìnira (Statue of Liberty) tó wà ní New York padà, nítorí ó jọ pé wọ́n ti ń tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, agbẹnusọ ààrẹ Amẹ́ríkà fèsì pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ nínú wa lójú, pàápàá nítorí ewì tó wà lábẹ́ ère yẹn, èyí tó ní kí àwọn tálákà ayé máa bọ̀. Ìlú tó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ló dé tó ń ti ilẹ̀kùn?

Ṣé Faransé lè gba ère náà padà?

Rárá. Ẹ̀bùn ni wọ́n fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ.

Kí ni ewì náà sọ gan-an?

Ìlà 14 péré ni. Emma Lazarus, obìnrin Júù kan ní New York, ló kọ ọ́ lọ́dún 1883, ó sì pè é ní The New Colossus. Ó fi ère náà ṣe abiyamọ tó gbé iná dání létí òkun, ìyá àwọn tí ìlú wọn lé jáde. Ìyá yìí ń sọ fún àwọn ilẹ̀ àtijọ́ pé kí wọ́n máa gbé ọlá wọn lọ́wọ́, kí wọ́n kó àwọn tó ti rẹ̀, àwọn òtòṣì àti àwọn tí kò nílé wá fún òun.

Ìjọba ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́?

Ìjọba kò mọ̀ sí i. Faransé fúnni ní ère, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló máa mọ ìpìlẹ̀ tó máa dúró lé, owó kò sì tó. Àwọn tó ń wá owó náà ní kí àwọn òǹkọ̀wé mú iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá kí wọ́n lè tà á ní gbàǹjo. Lazarus kò kọ́kọ́ gbà. Nígbà náà, ó máa ń lọ sí Ward's Island, erékùṣù kan ní New York, lọ wo àwọn Júù tó sá wá láti Rọ́ṣíà, àwọn tí wọ́n ti dáná sun ilé wọn, tí wọn kò sì rí ibi forí lé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan rán an létí àwọn wọ̀nyẹn, ló bá gbé kálámù.

Nígbà tí wọ́n ṣí ère náà ní 28 oṣù kẹwàá ọdún 1886, ẹnikẹ́ni kò ka ewì yẹn. Ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni ọdún 38. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn, Georgina Schuyler, ló wá ewì náà rí, tó sì jà fún un títí wọ́n fi kọ ọ́ sára àwo idẹ lọ́dún 1903, tí wọ́n gbé e kọ́ sínú ìpìlẹ̀ ère. Ìfẹ́ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ló gbé e débẹ̀.

Nígbà náà, kò lágbára òfin?

Kò ní. Kò sí adájọ́ tó lè torí rẹ̀ fún yín ní físà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Lọ́dún 2019, oníròyìn kan bi Ken Cuccinelli, ẹni tó ń darí iléeṣẹ́ ìwọ̀lú Amẹ́ríkà nígbà yẹn, léèrè nípa ewì náà. Ó fi kún un pé àwọn tó lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn, tí wọn kò ní di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn, ni ewì náà ń pè. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ti wà lábẹ́ òfin kí ewì tó wà rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1882 ni òfin ti ní kí wọ́n dá ẹni tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ padà. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, òfin mìíràn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Lazarus kọ̀wé. Ewì rẹ̀ kì í ṣe àpèjúwe Amẹ́ríkà bó ṣe wà. Ẹ̀bẹ̀ ni.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Ṣáínà?

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní New York, ká lọ sí òdìkejì orílẹ̀-èdè náà, sí erékùṣù Angel Island nínú omi San Francisco. Láti 1910 títí di 1940 ni wọ́n ti ń dá àwọn tó bá wọkọ̀ ojú omi dé láti Éṣíà dúró síbẹ̀. Ilé pákó alájà méjì ni ti àwọn ọkùnrin, bẹ́ẹ̀dì alájà mẹ́ta ló kún inú rẹ̀, wáyà sì wà lójú fèrèsé. Àwọn kan lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, àwọn mìíràn lo oṣù lórí oṣù.

Wọ́n ń kọ ewì sára ògiri. Yíǹkì ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Ni wọ́n bá mú ọ̀bẹ, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà wọnú pákó. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ohun tí wọ́n fi ń dí ihò pákó dí i, wọ́n tún kun ọ̀dà lé e. Àwọn tó tún dé gbẹ́ tiwọn sórí rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tí wọ́n fi dí i gbẹ, ó súnkì, ó ń já bọ́, ọ̀rọ̀ sì ń yọjú padà. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ló dáàbò bò ó tí pákó kò fi jẹrà.

Lọ́dún 1970, nígbà tí wọ́n ń múra àtiwó ilé náà, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Alexander Weiss tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri, ó sì rí i. Ó lé ní 200 ewì tí wọ́n ti rí. Ọ̀pọ̀ kò ní orúkọ. Ẹkún ilé wà níbẹ̀, ìtìjú gbèsè wà níbẹ̀, ìbínú sí òfin náà wà níbẹ̀. Ti àwọn obìnrin, a kò ní rí i mọ́: iná jó ilé tí wọ́n ń gbé lọ́dún 1940.

Kí ni wọ́n ń bi wọ́n tó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Àtẹ̀gùn mélòó ló wà nílé yín? Ibo ni ẹ gbé ìkòkò ìrẹsì sí? Ta ló ń gbé nílé kẹta? Wọ́n á tún bi bàbá lọ́tọ̀, bí ìdáhùn kò bá ṣe déédéé, ó di ọkọ̀ ìpadàbọ̀.

Ọmọ tí ọmọ ìlú Amẹ́ríkà bá bí lè wọlé, òfin kò dí i. Nígbà tí ilẹ̀ ríri àti iná run ìwé ìbí ní San Francisco lọ́dún 1906, ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn. Wọ́n á lọ sílé, wọ́n á padà wá sọ pé àwọn bí ọmọkùnrin, wọ́n á sì ta àyè ọmọ náà fún ẹlòmíràn. Ọmọ orí ìwé nìyẹn. Inú ọkọ̀ ni yóò ti kọ́ ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀ sórí, tí yóò sì ju ìwé tó fi kọ́ ọ sínú òkun kó tó gúnlẹ̀.

Ṣé irú òfin bẹ́ẹ̀ lè kan ọmọ Nàìjíríà?

Ó ti kàn wá rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àṣẹ ààrẹ dá físà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ máa gbé ibẹ̀ dúró. Ààrẹ tó tẹ̀ lé e fagi lé e lọ́jọ́ tó gorí oyè, ní oṣù kìíní 2021. Òfin ọdún 1952 ló fún ààrẹ lágbára yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fọwọ́ sí irú rẹ̀ lọ́dún 2018. Àṣẹ lè dé lóru kan, nítorí náà ẹ yẹ ìkànnì ẹ́ńbásì wò kí ẹ tó ta ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù onídùúró fún mi. Ṣé kò sí nǹkan?

Bó bá jẹ́ I-864 ni, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé àdéhùn tí ìjọba lè fi gbé e lọ sílé ẹjọ́ ni.

Ejẹ́ńtì mi ti kọ́ mi ní ìtàn tí màá sọ. Ṣé kí n sọ ọ́?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá purọ́ nípa ohun tó ṣe kókó nítorí físà, òfin Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé, àfi bó bá rí ìdáríjì àkànṣe gbà. Bó tilẹ̀ jẹ́ ejẹ́ńtì ló tẹ DS-160, fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń tọrọ físà, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ orí ìwé wọ̀nyẹn wọlé, àbí wọn ò wọlé?

Ọ̀pọ̀ wọlé, ẹ̀rù sì bá wọn wọlé. Wọ́n fagi lé òfin tó ti wọ́n mọ́ta lọ́dún 1943, síbẹ̀ èèyàn 105 péré lọ́dún ni wọ́n gbà fún gbogbo ará Ṣáínà. Láti 1956, ìjọba ní kí àwọn tó fi irọ́ wọlé jẹ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ á dárúkọ àwọn ẹbí rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ dákẹ́. Wọ́n fi orúkọ olórúkọ ṣiṣẹ́, wọ́n fi gbéyàwó, àwọn ọmọ wọn ń jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá dé itẹ́ òkú àwọn ará Ṣáínà ní California, ẹ lè rí òkúta tí orúkọ méjì wà lára rẹ̀: ti orí ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti ìdílé tó bí i ní èdè Ṣáínà.